Ṣé ọ̀kan náà ni Burman àti Burmese?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mò ń túmọ̀ ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì sí Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo rí Burman níbì kan, Burmese níbòmíràn. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? — Olùkọ́ kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Tíṣà. Lóde òní, wọ́n yàtọ̀. Burman ni ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Myanmar, orílẹ̀-èdè Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Burma tẹ́lẹ̀; Bamar ni wọ́n ń pe ara wọn. Nínú ènìyàn mẹ́ta níbẹ̀, bíi méjì ni Bamar. Burmese ni gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà, òun náà sì ni orúkọ èdè Bamar. Ọmọ Nàìjíríà ni Tiv, kì í ṣe Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà Shan, Karen àti Kachin ṣe jẹ́ Burmese tí wọn kì í ṣe Burman. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo àṣìṣe yìí, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ti dá ogun sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìwé àtijọ́ ló ń da nǹkan rú. Kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1948, àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń lo Burman fún gbogbo ará ìlú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún ìwé. Bí Burman bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Karen tàbí Shan, ẹ kọ “ẹ̀yà Bamar”. Bí gbogbo ará ìlú ni, ẹ kọ “ará Burma”, torí 1989 ni ìjọba ológun sọ orílẹ̀-èdè náà di Myanmar.

Ẹ ṣọ́ra ní orí ìwé tó sọ nípa Arakan, agbègbè etíkun ní ìwọ̀-oòrùn Burma, níbi tí àwọn ọmọ ogun wa ti jà. Ẹ̀yà Rakhine àti Rohingya ló ń gbé ibẹ̀ jù. Ẹ má pè wọ́n ní Bamar.