Mo yá ẹ̀gbọ́n mi lówó ní 2015, náírà ti já: èló ni kí n gbà?

Ìbéèrè: As-salamu alaikum, Ààfáà. Ní 2015 mo yá ẹ̀gbọ́n mi ní ₦500,000. Nígbà yẹn, owó náà lé ní dọ́là 2,500. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ san án, ₦500,000 náà ló sì kó jọ, èyí tí kò tó dọ́là 400 mọ́. Ṣé mo lè ní kó fi kún un?

Ìdáhùn: Wa alaikumus-salam. ₦500,000 ni gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n yín. Bí ẹ bá fi dandan mú un kó san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ribá, èlé tí ẹ̀sìn kà léèwọ̀, lẹ fẹ́ gbà yẹn. Àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ fíkíhù (òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù) jókòó lórí rẹ̀ ní Kuwait ní 1988, wọ́n sì fẹnu kò pé iye tí a yá ni a ó dá padà, a kì í so gbèsè mọ́ ọ̀wọ́ngógó ọjà.

Mo mọ̀ pé kò dùn létí. Láyé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), dínárì wúrà àti díríhámù fàdákà ni wọ́n ń ná, iyì owó wà lára owó. Ìgbà tí fúlúùsì, owó bàbà, gba ọjà kan ni àríyànjiyàn dé. Abu Hanifa, àgbà onímọ̀ fíkíhù, ní iye tí wọ́n kà fúnni ni kí a kà padà. Abu Yusuf, ọmọ kéwú rẹ̀, ní iyì tí owó náà ní lọ́jọ́ tí wọ́n yá a ni kí wọ́n wò. Ẹ rí i pé ẹ̀dùn ọkàn yín ní baba nínú ìmọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí àjọ náà mú ni mo dì mú. Ní Cairo, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, òpìtàn al-Maqrizi ka owó bàbà tí ìjọba ń rọ lárọ̀jù mọ́ ohun tó sọ ìlú di ọ̀wọ́n, pẹ̀lú àwọn tó ń fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ra oyè. (Àbí tiwa ni mo ń sọ?)

Ní 1980, dọ́là kan ò tó náírà kan. Ní September 1986 tí ìjọba Babangida ṣí ọjà owó òkèèrè, ó lé ní náírà mẹ́rin. Ìjọba àpapọ̀ wá ń yáwó lọ́wọ́ CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, títí tó fi di ₦22.7 tírílíọ̀nù, tí wọ́n fi sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún ní 2023. Oṣù June ọdún yẹn náà ni wọ́n já náírà sílẹ̀ fún ọjà. Ẹ̀gbọ́n yín kọ́ ló tẹ owó.

Àmọ́ tó bá ti ní in tipẹ́, tó kàn ń fi yín falẹ̀, Ànábì ti pe ìyẹn ní àbòsí. Kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Tí òun fúnra rẹ̀ bá fi nǹkan lé e láìjẹ́ pé ẹ bèèrè, tí kò sì sí àdéhùn rẹ̀ nílẹ̀ látẹ̀yìnwá, ẹ gbà á. Ànábì yá ọmọ ràkúnmí kan, èyí tó dára jù ú lọ ló fi san án, ó ní ẹni tó dára jù nínú yín ni ẹni tó mọ gbèsè san jù. Ẹ fi hàdíìsì yìí han ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ bá fẹ́, mi ò sọ pé kí ẹ máa fi rọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ o.

Lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ yá èèyàn ní wúrà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí bí Súrátul-Bàkọ́rà 282 ṣe pa á láṣẹ. Gíráàmù 20 tí ẹ bá wọ̀n fún un, gíráàmù 20 ni yóò wọ̀n padà, ohun yòówù kí náírà dà.