Ẹ Bi Màmá Olùkọ́: Olùdíje mẹ́ta, kò sí èyí tọ́rọ̀ rẹ̀ bá tèmi mu

ÌBÉÈRÈ

Màmá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba sì ni àwọn ìbejì mi ń lọ. Ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń kó ìdààmú bá mi. Àwọn mẹ́ta la mọ̀ tó jáde lọ́dọ̀ wa. Ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà nípò. Òun ló bá wa wá tiransfọ́mà, àmọ́ ó ń sọ ní gbangba pé kí wọ́n lé gbogbo àwọn tó ń tajà létí títì, ibẹ̀ sì ni ìyá mi ti ń ta gààrí kí wọ́n tó bí mi. Owó yòówù tí gómìnà bá ní òun fẹ́ yá, ó ti fọwọ́ sí i. Ẹnì kejì ní kò sẹ́ni tó máa lé ìyá mi, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìrẹsì tó ń pín àti ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó ń fi há ọwọ́ èèyàn, n ò gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ kan. Lórí owó yíyá àti lórí ìyá mi, tèmi ni tirẹ̀. Àmọ́ ó ní kí ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà padà fún àwọn ìjọ tó dá wọn sílẹ̀, ti àwọn ọmọ mi sì wà lára wọn. Tí wọ́n bá dá a padà, níbo ni n ó ti rówó ilé ìwé ọmọ méjì? Ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọkọ mi ní ká jókòó sílé. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní kí n lọ, kí n tẹ̀ka sí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lórí ìwé, pé ìyẹn ni wọ́n á fi mọ̀ pé inú mi ò dùn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àbúrò yín lóhùn.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, wọ́n máa ń pè wá ṣe iṣẹ́ ìdìbò, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìlà bá tán. A ó da ìwé inú àpótí sórí tábìlì lójú gbogbo èèyàn, a ó máa ṣà á sọ́tọ̀ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ ó rí èyí tí ìka rẹ̀ bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ méjì, tí ẹnikẹ́ni ò mọ èyí tí onítọ̀hún fẹ́. Ẹ ó rí èyí tó mọ́ lau, tí wọn ò tẹ nǹkan kan sí. Ẹ ó tún rí èyí tí ẹnì kan fi ìbínú tẹ̀ka sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí àbúrò yín ṣe wí. Ibì kan náà là ń kó gbogbo wọn sí. Lórí fọ́ọ̀mù EC8A tí a ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí, iye ìwé tó bàjẹ́ nìkan la ń kọ. Kò sí àyè tí a ti lè kọ ọ́ pé ẹni yìí bínú, ẹni yẹn ṣèèṣì. Ìyá arúgbó tí ojú ń dùn àti ẹni tó kàwé gboyè tó fẹ́ fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ìdìbò ààrẹ 2023, irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ 939,278. Ta ló lè sọ fún yín ohun tí àwọn tó ni wọ́n fẹ́ wí?

Àwọn ará Íńdíà ní àyè kan lára ohun tí wọ́n fi ń dìbò láti 2013, fún ẹni tí kò bá fẹ́ ìkankan nínú àwọn olùdíje. Síbẹ̀, bí àyè yẹn bá ní ìbò ju gbogbo èèyàn lọ, olùdíje tí ìbò tirẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n ń kéde. Tiwa ò tiẹ̀ ní àyè bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ti ọkọ yín, ẹ bá mi kí wọn, n ò ní kẹ́ ẹ bá wọn jà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ní 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó dìbò ò pé mílíọ̀nù 25. Ǹjẹ́ èyí dín ọjọ́ kan kù nínú ọdún mẹ́rin ẹnikẹ́ni tó wọlé? Kò dín in kù, torí òfin wa ò sọ iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ jáde kí ìbò tó dúró. Ẹni tó ń pín ìrẹsì ló sì máa jèrè jù tí ẹ bá jókòó, nítorí àwọn tó gba ìrẹsì rẹ̀ ò ní jókòó.

Ọ̀rọ̀ yín gan-an ló kù. Ẹ ti to ohun tí ẹ gbà gbọ́ sílẹ̀, ẹ wá ń wá olùdíje tó máa ṣe rẹ́gí pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ bí aṣọ tí ẹ fi téèpù wọ̀n fún oníbàárà. Irú olùdíje bẹ́ẹ̀ ò sí. Ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n ti ń yan àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa, púpọ̀ nínú wa ò sì sí níbẹ̀, a ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí ipò yìí lágbára láti ṣe. Ohun tí ẹni tó wà níbẹ̀ kò bá lágbára lé lórí, ẹ má fi í ṣe òṣùwọ̀n tó wúwo jù.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀yọ́ ní ìjókòó 32. Ẹni tí ẹ bá rán lọ, ohùn kan nínú 32 ni. Ìjókòó yẹn ò fún un lágbára láti la ọ̀nà, kò sì lè san owó oṣù olùkọ́ kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: lórí ètò ìṣúná, lórí àbádòfin, lórí orúkọ àwọn kọmíṣánnà tí gómìnà bá fi ránṣẹ́, lórí gbèsè tí wọ́n fẹ́ jẹ lórúkọ gbogbo wa. Ilé náà lè pe ẹni tó náwó ìlú kó wá ṣàlàyé. Tí gómìnà bá kọ̀ láti buwọ́ lu òfin, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, ìyẹn èèyàn 22, lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá fi èyí wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀dọ́ olùkọ́ yẹn fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ padà. Ìjọba ló gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ohùn ẹnì kan ò sì lè dá wọn padà. Ó máa nílò gómìnà tó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tún máa nílò ó kéré tán èèyàn 16 míì nínú ilé tí wọ́n á gbà fún un. Ẹ̀yin náà ló sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibo ló ti máa rí 16 yẹn? Ohun tí ẹ kò fẹ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó o. Èyí tí ẹ fẹ́, pé kò ní máa fọwọ́ sí gbogbo gbèsè tí wọ́n bá gbé wá, òun gan-an ni iṣẹ́ ipò náà. Tó bá jẹ́ gómìnà ló fẹ́ ṣe ni, ìmọ̀ràn mi á yàtọ̀ pátápátá. N óò ní kí ẹ ro ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó wà nípò nísinsìnyí ńkọ́? Mo mọ ohun tí iná jẹ́ fún télọ̀, n ò sì ní sọ pé kí ẹ gbàgbé tiransfọ́mà. Ẹni tó bá wá nǹkan dé àdúgbò ti sapá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe nínú ilé, níbi tí a rán an lọ. Aṣòfin tí kì í sọ pé rárá fún gómìnà ti fi iṣẹ́ tí a rán an sílẹ̀, àwọn ìbejì yín ni yóò sì dàgbà bá gbèsè yẹn. Ní ti àwọn tó ń tajà, ìwé òfin 1999 fi ọ̀rọ̀ ọjà àti ìsọ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ohun tó ń sọ nípa ìyá yín, ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Ẹ̀rù tó ń bà yín níbẹ̀ kì í ṣe àsọdùn.

Ẹnì kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò. Dìbò kó o sebẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹ pín ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sí oṣù 48 tó máa lò níbẹ̀, náírà 104 lóṣù kan ni. Ẹ̀yin ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta òwú ìránṣọ. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí mo ti rí àwọn èèyàn tó dúró nítòsí ibùdó tí wọ́n ń ṣọ́ bí olùdìbò ṣe máa gbé ìwé rẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí ibi tó tẹ̀ka sí. Òfin ka ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á sí ọ̀daràn. Ẹni tó bá rà yín, kì í rántí pé òun jẹ yín ní ìdáhùn kankan.

Wọ́n á sọ fún yín pé tí ẹ bá dìbò fún ẹnì kẹta, ẹ fi ìbò ṣòfò ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọ̀ṣun. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, 2018, Ademola Adeleke ti PDP ní ìbò 254,698, Gboyega Oyetola ti APC ní 254,345. Ìbò 353 ló wà láàárín wọn. Iyiola Omisore ti SDP, tó ṣe ipò kẹta, ní 128,049. INEC ní kí wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó méje, torí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, 3,498, ju 353 lọ. Kíá ni àwọn ẹni ńlá ẹgbẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sọ́dọ̀ Omisore ní Ilé-Ifẹ̀. APC ló gbà fún. Lẹ́yìn àtúndì ìbò ọjọ́ 27, Oyetola fi ìbò 482 borí. Ìbò ẹni tó ṣe ipò kẹta ò ṣòfò lọ́jọ́ yẹn. Ní ìdìbò kan náà, ìwé tó bàjẹ́ lé ní 40,000. Kò sẹ́ni tó lọ bẹ àwọn yẹn nílé, ẹ bá mi sọ èyí fún àbúrò yín.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà wà. Olùdíje ni wọ́n lọ bẹ̀, wọn ò bi àwọn 128,049 tó dìbò fún un. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ̀ka fún ọ̀dọ́ olùkọ́ yìí, ẹ wá a lọ. Ẹkùn ìdìbò yín ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń wá ìbò, ó máa dá yín lóhùn. Ẹ mú ìyá yín dání. Ẹ bi í ní ojú rẹ̀ pé: tí ẹgbẹ́ ńlá bá wá pè ọ́ lọ́la, kí lo máa béèrè lọ́wọ́ wọn kó o tó lọ? Ẹ bi í nípa ilé ẹ̀kọ́ náà: ṣé yóò gbà kí wọ́n bi àwọn òbí léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan? Bí ó bá fojú kéré ọ̀rọ̀ yín, tó ń wo aago, ẹ ti rí ìdáhùn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, tí ó bá dáhùn dáadáa, òun ni n óò dìbò fún. Ohun kan ṣoṣo ló lè yí mi lọ́kàn padà: kó jẹ́ pé ẹni tó wà nípò àti onírẹsì ń sún mọ́ ara wọn gan-an, tí ọ̀dọ́ náà sì jìnnà réré. Nígbà náà, màá dìbò fún ẹni tó wà nípò kí onírẹsì má bàa wọlé, n ò sì ní kábàámọ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ wo bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yẹn ṣe ní aṣojú ní àwọn ibùdó ìdìbò àdúgbò yín tó. Ẹ ní kí ọmọ tó mọ fóònù lò bá yín ṣí IReV, ojú òpó INEC lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbé èsì ibùdó ìdìbò sí, kí ẹ wo iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ní ibùdó yín ní 2023.

Ohun kékeré kan tún kù. Orúkọ olùdíje kì í sí lórí ìwé ìdìbò wa, àmì àti orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò gbajúmọ̀, ẹ kọ́ àmì rẹ̀ sórí kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹ sì ṣe sùúrù kí yíǹkì gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó ká ìwé. Ẹ kí màmá onígààrí fún mi.

ÌBÉÈRÈ

Màmá, bàbá mi ní ẹni tó bá dìbò fún ẹgbẹ́ kan ní ti ààrẹ, tó tún lọ dìbò fún òmíràn ní ti gómìnà, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ pọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín. Ní ọjọ́ 25, oṣù kejì, 2023, APC ló ṣe ipò kìíní ní Ọ̀yọ́ nínú ìdìbò ààrẹ, pẹ̀lú ìbò 449,884. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, PDP ló borí nínú ti gómìnà pẹ̀lú 563,756. Kì í ṣe àwọn àlejò ló wá dì í. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n fúnni lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ti ààrẹ, ti sẹ́nẹ́tọ̀ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin; méjì ni lọ́jọ́ kejì, ti gómìnà àti ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà wọ́n. Sọ ọ́ fún bàbá nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjì, má sọ ọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn.