Ìwọ̀fà Kì í Ṣe Ẹrú

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá wa sọ fún wa pé ìyá tó bí bàbá àwọn ṣe ìwọ̀fà rí ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi fajú ro, ó ní ká má sọ ọ́ síta, kí wọ́n má baà máa pè wá ní ìdílé ẹrú. Ṣé ọ̀kan náà ni ìwọ̀fà àti ẹrú? Òǹdè àti ẹni ìgbèkùn ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì í. Láyé àtijọ́, ẹrú ni ẹni tí wọ́n kó lógun tàbí tí wọ́n rà lọ́jà. Olówó rẹ̀ lè tà á. Gbèsè ló ń sọni di ìwọ̀fà. Ẹni tó fẹ́ yáwó á fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀, ó tilẹ̀ lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀, sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé owó náà. Olówó ò gbọdọ̀ tà á, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ò sì kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó bá pé, ilé yá. (Ìwẹ̀fà ààfin Ọ̀yọ́ tún yàtọ̀: ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá nìyẹn.)

Òǹdè ni ẹni tí a dè. Ogun ló ń kóni lọ sígbèkùn: lọ́dún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn, níhà Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tà á, tó wá di ẹrú, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822.

Mi ò ní torí èyí pe ìwọ̀fà ní nǹkan ire o. Bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó, ojú owó kì í dín. Ìyá ìyá mi ṣe é níbí l'Ọ̀yọ́, nítorí owó tí bàbá rẹ̀ yá fi sìnkú. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí á ti pọnmi kún àmù mẹ́ta. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, á ta kókó kan sí okùn tó fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Kókó márùn-ún ló ta kí wọ́n tó wá rà á padà. Mo fọwọ́ mi kan okùn náà nínú àpótí rẹ̀ lẹ́yìn tó kú. Kò tú ìkankan nínú kókó náà.

Ẹ bi bàbá yín léèrè ẹni tó san owó ìyá yín àgbà, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀.