Ọdún kẹta ni kí o bá wọn sọ kí o tó fọwọ́ sí ìwé

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. O ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Texas fẹ́ fi ọ́ ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà fún ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn, ikọ̀ tí kò borí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ ní sáà tó kọjá, àti pé Ọjọ́bọ̀ ni ẹ fẹ́ jókòó lórí ìwé àdéhùn. O ní Kelvin Sampson ti Yunifásítì Houston ni o fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. O wá béèrè iye ọdún tí irú àtúnkọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà, àti bóyá kí o di àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ mú tàbí kí o kó tuntun wọlé. Ẹni tí ó ti gba irú iṣẹ́ náà rí, tí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ni ó ń dá ọ lóhùn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé Houston nìkan ni mo wò. Ìtàn Houston máa ń dùn mọ́ ọmọ Yorùbá, nítorí pé ibẹ̀ ni Hakeem Olajuwon gbà láti Èkó, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìpele Final Four, ti ikọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis lọ́dún mẹ́ta léraléra, láti 1982 sí 1984, tí North Carolina State fi 54 sí 52 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1983, tí Georgetown sì tún fi 84 sí 75 borí wọn ní 1984. Lẹ́yìn ọdún yẹn, Houston kò borí nínú eré kankan mọ́ ní ìdíje NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, títí di oṣù kẹta 2018. Ọdún 34 gbáko ni. Ikọ̀ tó ti di ìgbàgbé yìí ni Sampson gbà ní oṣù kẹrin 2014. Ní sáà àkọ́kọ́ ó borí nínú eré 13, ó pàdánù 19; ní èkejì ó borí nínú 22; nígbà tí yóò fi di sáà karùn-ún, 33 ni ó borí, mẹ́rin péré ni ó pàdánù. Ẹni tó bá ka ìṣirò yìí nìkan yóò sọ pé ọdún méjì ti tó, ohun tí èmi náà sì sọ níwájú àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Mo fi ẹnu ara mi ṣe ìlérí tí ọwọ́ mi kò ká.

Ibi tí ó yẹ kí n ti wò ni Yunifásítì Washington State, níbi tí wọ́n ti fi Sampson ṣe olórí ní 1987. Ó borí nínú eré 13 ní sáà àkọ́kọ́, 10 ní èkejì, àti 7 péré ní ẹ̀kẹta, sáà tí ó pàdánù eré 22. Kà á dáadáa: ọdún mẹ́ta ni ikọ̀ náà fi ń rẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀gá àtúnkọ́ lónìí. Ní sáà kẹrin ó di 16, ní ìkarùn-ún ó di 22, ní 1994 ó sì kó wọn lọ sí ìdíje NCAA tí wọn kò dé mọ́ láti 1983. Bí o bá ṣírò ọdún méjèèje pọ̀, 103 ni ó borí, 103 ni ó pàdánù, ọgbọọgba. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n lé e ní 1990 ni, ta ni ì bá pè é sí Yunifásítì Oklahoma, áńbọ̀sìbọ́sí Houston? Wọn kò lé e. Ní Montana Tech ní ìlú Butte, níbi tí ó ti kọ́kọ́ di olórí ní 1981, sáà kan péré ni ìyà náà gbà, ó borí nínú 7, ó pàdánù 20, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í borí ju ogún lọ lọ́dọọdún. Ilé kò dọ́gba, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ iye kan tí o lè fọkàn sí, ọdún márùn-ún ni, kí o sì gbà pé ẹ̀kẹta lè burú ju èkíní lọ.

Ìdí tí ọdún kẹta fi máa ń korò kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn àgbà ọmọ tí o bá nílẹ̀ ti gboyè lọ, àwọn tí o fúnra rẹ mú wá kò sì tíì gbó. Ọmọ ọdún 19 ni yóò máa ti ẹni ọdún 23 lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí kò di bọ́ọ̀lù mú rí kò mọ èyí, wọn kò sì fẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ọdún kẹta tèmi ni mo fẹ́ kí o fetí sí, nítorí pé títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, oorun máa ń dá lójú mi. Eré márùn-ún ni a borí ní sáà àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án ní èkejì. Mo ti rí ọmọ kan láti Abẹ́òkúta, ọmọ gíga tí ó gbọ́ràn, tí bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ètò ọdún kẹta ni mo sì gbé lé e léjìká. Ní oṣù kẹfà, mo kó èsì ìdánwò WAEC rẹ̀ lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń rí sí òfin àti ìwé àwọn agbábọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ó wò ó, ó ní kò sí wàhálà, pé ó ti pé. Ẹnu ni ó fi sọ ọ́, n kò sì ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí a gbá eré àkọ́kọ́ ní oṣù kọkànlá, ó pè mí, ó ní ẹ̀dà tí ọmọ náà mú lọ́wọ́ wá kò tó, pé WAEC fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fìdí èsì náà múlẹ̀. Mo rán an létí ohun tí ó sọ ní oṣù kẹfà. Ó wò mí lójú, ó ní òun kò rántí pé òun sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe ìwé náà kò parí títí di oṣù kejì, nígbà tí sáà ti ń lọ sópin. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọ náà ń jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tí ó ní, pẹ̀lú táì tí mo yá a. Á ká àwọn tówẹ́ẹ̀lì sí mẹ́rin-mẹ́rin, á tò wọ́n sórí itan rẹ̀, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì jáde, á fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn bí ẹni tó ń gbé omi fún àgbà. Ìyá rẹ̀ máa ń pè mí láti Abẹ́òkúta ní ọjọọjọ́ Àìkú, ó máa ń béèrè pé, “Kóòṣì, ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ wọ́n ni?” A pàdánù eré mẹ́fà tí ìyàtọ̀ wọn kò ju àmì mẹ́ta lọ. Ní oṣù kẹta, ọ̀gá eré ìdárayá fún mi ní ìwé onílà mẹ́fà, ó ní òun kò rí ìlọsíwájú. Ìwé àdéhùn tí mo fi ìdùnnú fọwọ́ sí láì kà á délẹ̀ gbà wọ́n láyè láti dá mi dúró ní òpin sáà èyíkéyìí láìsan kọ́bọ̀ lé owó oṣù yẹn. Ní sáà tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ tí mo kó jọ, pẹ̀lú ọmọ Abẹ́òkúta náà, borí nínú eré 19. Ẹlòmíràn ni ó dúró níwájú wọn.

Nítorí náà, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ aláṣẹ kankan. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, kọ ọ́ sí ímeèlì lọ́jọ́ náà gan-an, fi ránṣẹ́ sí wọn, kí o sì ní kí wọ́n dáhùn. Sampson fúnra rẹ̀ mọ ohun tí òfin lè ṣe fún ènìyàn. Ó ń ṣe dáadáa ní Oklahoma láti 1994, ó dé Final Four ní 2002, kí ìwádìí tó fi hàn pé òun àti àwọn igbákejì rẹ̀ ti pe àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà lórí fóònù ju ìgbà 550 lọ lọ́nà tí òfin kò gbà. Ó lọ sí Indiana ní 2006, ọ̀rọ̀ ìpè fóònù tún lé e bá níbẹ̀, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì 2008, NCAA sì fi ìjìyà ọdún márùn-ún dè é, tí ó fi jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú wọn. Ó jẹ̀bi, nítorí òfin wà nílẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ní 2012, nígbà tí ó ṣì wà nínú ìjìyà náà, àwọn kan náà tú òfin yẹn ká, wọ́n ní kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá máa pe ọmọ tó ti parí ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama (high school) rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Òfin wọn lè yí padà lọ́la, ṣùgbọ́n ti òní ni wọn yóò fi dá ọ lẹ́jọ́.

Ọdún mẹ́fà ni ó fi ṣe igbákejì ní NBA, lọ́dọ̀ Milwaukee Bucks àti Houston Rockets. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá fún ọdún pípẹ́ padà di ẹni tó ń gba àṣẹ. Bí wọ́n bá lé ọ, má jókòó sílé bí mo ti jókòó fún ọdún kan ààbọ̀.

Ti orí pápá kò ní gùn, nítorí o ti mọ̀ ọ́n. Ní Houston, wọ́n máa ń dé òrùka apẹ̀rẹ̀ náà lórí nígbà ìdánrawò, kí bọ́ọ̀lù má lè wọlé rárá, kí gbogbo ọmọ máa jà fún èyí tó bá ta padà. Wọ́n á yí bọ́ọ̀lù sórí ilẹ̀, ọmọ méjì á fi àyà lé e. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí láti ọjọ́ kìíní. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù wọlé lè dúró di ẹ̀yìn.

Béèrè owó pẹ̀lú. Àwọn tó ń yin Sampson máa ń gbàgbé pé Houston kọ́ ilé ìdánrawò tí wọ́n fi orúkọ Guy Lewis sọ fún un, wọ́n sì sọ gbọ̀ngàn Hofheinz àtijọ́ di Fertitta Center, tí wọ́n ṣí ní oṣù kejìlá 2018, lẹ́yìn tí Tilman Fertitta, oníṣòwò olówó kan, ti fi 20 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tìrẹ kò lè ṣe èyí, kò sì yẹ kí o retí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá lè sọ iye owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ fún ọ lọ́jọ́ náà, wọn kò tíì ṣetán láti kọ́ ohunkóhun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé apá kejì ìbéèrè rẹ. Bá ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí o sì di ẹni tó bá fẹ́ dúró mú, pàápàá àwọn ọmọ ọdún kìíní. Láti 2021 ni òfin ti gba agbábọ́ọ̀lù láyè láti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn láìjókòó fún sáà kan, nítorí náà àwọn tí o bá rà ní ìdúnta lè má sí níbẹ̀ lónìí. Wo J'Wan Roberts, ẹni tó wọ Houston ní 2019. Ní oṣù kẹrin 2025, nígbà tí Duke ti fi àmì 14 ṣíwájú wọn, òun ni ó dúró lórí ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn tí ó ju méjèèjì wọlé tí Houston fi bọ́ síwájú, kí wọ́n tó borí pẹ̀lú 70 sí 67. Florida fi 65 sí 63 gba ife NCAA lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ọwọ́ Roberts lórí ìlà yẹn mọ ohun tí ọdún mẹ́fà ń ṣe fún ènìyàn. Bí o bá sì fẹ́ mú ọmọ wa wá láti Nàìjíríà, ranti pé físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, kò gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ owó bó ṣe wù wọ́n. Agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa físà ni kí o bi, kì í ṣe òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní Ọjọ́bọ̀, sọ ọ́ fún wọn lójúkojú pé eré tí o máa borí ní ọdún kẹta lè kéré sí ti èkejì, kí o sì wo ojú wọn. Ní kí wọ́n kọ ọdún márùn-ún sínú ìwé, tàbí mẹ́rin pẹ̀lú owó tí wọn yóò san bí wọ́n bá dá ọ dúró ṣáájú àkókò. Kí o tó fọwọ́ sí i, ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ojú ewé tó sọ nípa ìdádúró níṣẹ́ ni kí o kọ́kọ́ yà.