Owó Sáfíìsì Kọ́ńpìnnì: Èwo Ni Ká San, Èwo Ni Ká Fọwọ́ Ara Wa Ṣe?

Lẹ́tà márùn-ún la mú nínú èyí tí ẹ kọ sí wa lórí owó sáfíìsì ọkọ̀ ní kọ́ńpìnnì, ìyẹn ibi iṣẹ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà. A gé àwọn kan kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí ẹ bèèrè padà.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2006 ni mo ń lò, tòkunbọ̀ ni. Mo gbé e lọ fún sáfíìsì ní kọ́ńpìnnì, wọ́n sì kọ bíìlì lé mi lọ́wọ́: ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, fílítà éésì, fífọ inú ẹ́ńjìnnì, wáípà méjì. Wọ́n kọ owó iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ owó páàtì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, owó iṣẹ́ ju ìdajì lọ. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? — Olùkàwé yín, Àkóbọ̀, Ìbàdàn.

A kò lè pè é ní ìrẹ́jẹ. Kọ́ńpìnnì kì í wo aago kó tó ka owó iṣẹ́. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn tó sọ pé iṣẹ́ báyìí, wákàtí báyìí, iye yẹn ni wọ́n á sì gbà, bí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ yá, bí kò yá. Owó iná, owó díísù jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tí ń gbé ọkọ̀ sókè àti owó oṣù àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ẹ mú bíìlì yẹn, kí ẹ bi ara yín lórí ìlà kọ̀ọ̀kan bóyá ó fẹ́ ẹ̀rọ tàbí ìmọ̀ tí ẹ kò ní.

Fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ sípánà rárá. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àpótí dúdú tí ọ̀pá rọ́bà gbọọrọ so mọ́. Ìkọ́ irin méjì ló di ìdérí rẹ̀ mú. Ẹ tú wọn, ẹ yọ èyí tó dọ̀tí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú àpótí náà, kí ẹ tó fi tuntun sí i. Kí etí rẹ̀ jókòó yíká o. Bí igun kan bá yọ sókè, eruku á gba ibẹ̀ wọlé láìkọjá nínú fílítà, á sì máa ha ara sìlíńdà. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ẹ lè fi afẹ́fẹ́ kọ́mpìrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, láti ojú tó mọ́ sí ojú tó dọ̀tí, kí afẹ́fẹ́ náà má le jù. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, bébà ni.

Fílítà éésì wà lẹ́yìn píjìnhóòlù. Ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò, ẹ yọ ọ̀pá kékeré tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sínú kó lè já wálẹ̀. Ìdérí pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, fílítà wà nínú ìyẹn. Kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Àwọn Corolla kan wà tí fílítà yìí kò bá dé rárá, ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò kí ẹ tó rà á, kí ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun pààrọ̀ rẹ̀ láìfi èyí tó yọ hàn yín.

Fífọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ ní kí wọ́n fagi lé e. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́, kẹ́míkà yẹn lè tú ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdọ̀tí náà á lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lówùúrọ̀ lè nọ́ọ̀kì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọ́ìlì tuntun tí a ń pààrọ̀ lásìkò á fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí mo ṣe lè máa pààrọ̀ ọ́ìlì Corolla 2005 mi fúnra mi, àti iye tó ń gbà. Mẹkáníìkì àdúgbò wa máa ń da kéègì lítà mẹ́rin tán sínú rẹ̀ ni. — Olùkàwé yín, Ìkòròdú.

Ọ̀rọ̀ kéègì yẹn la ó kọ́kọ́ mú. Ẹ́ńjìnnì 1.8 tó wà nínú Corolla 2003 sí 2008, èyí tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, kì í ṣe iye kan náà ni gbogbo wọn ń gbà láti ọdún dé ọdún, ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá kàn da kéègì tán láìfa géèjì wò, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ó lè kọjá àmì òkè tó wà lára rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, ọ̀pá kíráńkì tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú bí ẹni po omi ọṣẹ, á hó, pọ́ǹpù á wá máa fa ìfófòó mọ́ ọ́ìlì, irin á sì máa gbẹ níbi tó yẹ kó tutù. Ó tún lè gba ojú síìlì jáde. Bí ìyókù bá wà, ẹ fi í pamọ́ sí bọ́ọ̀tù. Ẹ́ńjìnnì tó ti rìn jìnnà máa ń jẹ ọ́ìlì, ẹ ó rí ohun fi kún un.

Ẹ ra ọ́ìlì 5W-30, fílítà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 90915-YZZF2, àti wáṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá sípánà 14, abọ́ tó gba lítà márùn-ún, jáàkì àti sítáǹdì méjì.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì pa á. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ dúró sí. Ẹ fa hándùbíréèkì, ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì ki sítáǹdì bọ abẹ́ rẹ̀ kí orí yín tó wọ ibẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Rọ́bà kékeré inú rẹ̀ ló gbé gbogbo ọkọ̀ yẹn dúró, kì í sì í kìlọ̀ kó tó já.

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí lókè, ẹ gbé abọ́ sábẹ́, ẹ fi sípánà 14 tú nọ́ọ̀tì náà, ẹ fi ọwọ́ yí ìyókù jáde. Ẹ jẹ́ kó ro fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó ṣe ń ro, ẹ tú fílítà tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: ṣé rọ́bà róbótó rẹ̀ bá a jáde? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni ti ń ṣìṣe. Bí rọ́bà àtijọ́ bá lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí ẹ wá fi fílítà tuntun lé e, rọ́bà méjì lórí ara wọn kò ní dì. Bí agbára ọ́ìlì bá ti pọ̀ sí i lójú títì, gbogbo rẹ̀ lè tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ fi ìka kan ọ́ìlì tuntun, ẹ fi pa rọ́bà fílítà yíká. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí yóò fi kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá tún un yí ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan, ó tó. Bí ẹ bá fi sípánà dè é, ẹ kò ní rí i tú nígbà mìíràn. Nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Wáṣà tuntun, ẹ fi ọwọ́ yí i wọlé ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó fi sípánà kàn án, kó má baà wọ̀ ní wíwọ́. 37 Nm ni Toyota ní kó le mọ. Ẹni tí kò ní sípánà oníwọ̀n, kó fi sípánà kúkúrú dè é le, kó má fi páìpù fà á gùn. Páìpù yẹn ló ń jẹ tírẹ́ẹ̀dì, tírẹ́ẹ̀dì tó bá sì jẹ, owó rẹ̀ ju owó sáfíìsì tí ẹ ń sá fún lọ.

Ẹ da lítà mẹ́ta àbọ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Iná pupa ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; bí kò bá kú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ pa á, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fa géèjì wò, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé àmì òkè. Ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà sílẹ̀.

Ẹ má da ọ́ìlì àtijọ́ sí gọ́tà. Ẹ bù ú padà sínú kéègì, ẹ gbé e lọ sí ọgbà mẹkáníìkì; àwọn tó ń kó kọ́ńdẹ́ḿ ọ́ìlì wà níbẹ̀.

Ayédèrú fílítà pọ̀ ní ọjà páàtì Ládípọ̀ ní Èkó àti ti Gate ní Ìbàdàn. Ẹ wo inú ihò rẹ̀: ojúlówó ní rọ́bà tó ń gbégi dínà kí ọ́ìlì má ṣàn padà nígbà tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì. Níbi tí rọ́bà yẹn kò bá sí tàbí tó ti le gbagidi, ẹ ó gbọ́ tí irin ń ró kọ̀kọ̀kọ̀ láàárọ̀, nítorí fílítà ṣófo, ọ́ìlì ò tíì gòkè.

Lórí ìgbà tí ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀, èrò tiwa ni 5,000 kìlómítà, kódà bí ìwé ọkọ̀ bá sọ 8,000. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ń gbó, kìlómítà kò sì kúrò lójú kan.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Houston ni mo wà. Mo ra Camry tuntun, ẹni tó tà á fún mi ní bí mo bá fọwọ́ ara mi pààrọ̀ ọ́ìlì, wáráńtì mi bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? — Olùkàwé yín, Texas.

Kì í ṣe òótọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss Warranty Act wà láti 1975. Kò gba ẹni tó fún yín ní wáráńtì láyè láti fi dandan lé e pé ọ̀dọ̀ òun tàbí páàtì òun nìkan ni kí ẹ máa lò, àyàfi bó bá ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dè é kò le, tí ọ́ìlì tú dànù, tí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, ọwọ́ yín ni ìyẹn ti wá, wọ́n lè kọ̀ láti tún un ṣe. Nítorí náà ẹ tọ́jú rísíìtì ọ́ìlì àti fílítà, ẹ kọ ọjọ́ àti máìlì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ sọ gan-an ni kí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ Camry tó jáde láti 2018 ń lo 0W-16, ẹ má fi 5W-30 ti ilé sí i.

Ẹ má tíì kánjú ra sípánà ṣá. Toyota tuntun ní Amẹ́ríkà máa ń bá ToyotaCare wá: sáfíìsì tó wà nínú ìwé ètò, ọ̀fẹ́, fún ọdún méjì tàbí 25,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ jẹ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá fẹ́ ta fílítà éésì mọ́ ọn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ ṣe ìyẹn nílé; ẹ̀yìn píjìnhóòlù ló wà níbẹ̀ náà.

Ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun ní Nàìjíríà kó má fi òfin Amẹ́ríkà ja kọ́ńpìnnì níyàn. Kó ka ìwé wáráńtì tirẹ̀, kó sì jẹ́ kí òǹtẹ̀ wọn wà nínú ìwé sáfíìsì títí wáráńtì yóò fi tán.

Ṣé mo lè pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti páàdì bíréèkì fúnra mi? Corolla 2004. — Olùkàwé yín, Abẹ́òkúta.

Púlọ́ọ̀gì, bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, nítorí alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tètè ń jẹ nígbà tó bá gbóná. Ẹ yọ ìdérí òkè, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 tú bóòtì kọ́ìlì kan (kọ́ìlì ló ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná), ẹ fa kọ́ìlì náà jáde, ẹ fẹ́ eruku inú ihò kúrò kí ẹ tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì 16 tú u. Ọ̀kan parí kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ ki rọ́bà kékeré bọ orí púlọ́ọ̀gì tuntun, òun ni kí ẹ fi yí i wọlé. Bó bá wọ̀ ní wíwọ́, rọ́bà á yọ̀, tírẹ́ẹ̀dì kò ní jẹ. Bó bá ti jókòó, ìdajì ìyípo ti tó. Ẹ má fi sáńpépà ha ẹnu púlọ́ọ̀gì irídíọ̀mù, irin ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ.

Páàdì, a kò ní sọ pé kí ẹ dá a ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: bó bá ku mílímítà mẹ́ta, ẹ wá owó rẹ̀ sílẹ̀, mílímítà kan ni òpin. Bí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n bá dúró tì yín, ẹ rántí nǹkan mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí kálípà, irin tó ń fún páàdì mọ́ díìsìkì, fi ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ẹ fi wáyà so ó kọ́. Nígbà tí ẹ bá ń ti písítìnnì padà, ọ́ìlì bíréèkì á gòkè nínú ike rẹ̀, ẹ bu díẹ̀ kúrò kó má dà sára ọ̀dà. Kí ọkọ̀ tó rìn ìṣísẹ̀ kan, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ilẹ̀ nígbà tó bá dé ẹnu géètì. DOT 3 ni ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, gbogbo rọ́bà inú bíréèkì á wú, bíréèkì á sì kú.

Iná ẹ́ńjìnnì tàn nínú ọkọ̀ mi. Mẹkáníìkì ní kí n ra sẹ́ńsọ̀. Ṣé kí n rà á? — Olùkàwé yín, Òṣogbo.

Ẹ má tíì rà á. Ibi tó yẹ kí ẹ náwó kọ́ńpìnnì sí gan-an nìyí. Ẹ sanwó àyẹ̀wò nìkan, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde àti ohun tí wọ́n fi wádìí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Nọ́ńbà yẹn kì í dárúkọ páàtì tó bàjẹ́. P0171, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju bẹntiróòlù lọ. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, ó lè jẹ́ ọ̀pá rọ́bà tó ya, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jò níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù bẹntiróòlù tó ti rẹ̀. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò lè yàn nínú wọn, ẹni tó bá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan ló lè yàn. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú tí ọkọ̀ sì ń jà, ẹ má gbé e rìn jìnnà: bẹntiróòlù tí kò jó ń lọ jó nínú kàtálíìsì, ohun tó ń sẹ́ èéfín ọkọ̀, á sì yọ́ ọ.