Lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ owó òṣìṣẹ́ ni kó o wá, kì í ṣe lọ́yà ilẹ̀

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Odogunyan, o ní wọ́n jẹ ẹ́ lówó ofátáìmù, o tún ní lọ́yà tó bá ìdílé yín ṣẹjọ́ ilẹ̀ ní Imota ló fẹ́ bá ẹ gbé e. Jọ̀ọ́, má tíì fún un lówó o.

Èmi náà ṣiṣẹ́ ní fáktírì kan ládùúgbò yẹn, iṣẹ́ alẹ́ ni tèmi, ilẹ̀ á mọ́, ẹni tó yẹ kó wá gbà á lọ́wọ́ mi ò ní yọjú, súpáfáísọ̀ á ní kí n ṣì dúró, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ ò ní lé lówó oṣù. Lọ́yà tí wọ́n kọ́kọ́ júwe fún mi, ọmọlúàbí èèyàn ni, àmọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ló mọ̀ ní tiẹ̀, ló bá gbé tèmi lọ sí Hai Kóòtù. Ó pẹ́ nílẹ̀ gan-an kí adájọ́ tó ní òun ò láṣẹ láti gbọ́ ọ. Òótọ́ sì ni, torí àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí kọnsitítúsọ̀n 1999 ti kó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá fún National Industrial Court, ìyẹn kóòtù ọ̀rọ̀ iṣẹ́, nìkan, ti Èkó wà n'Ìkòyí.

Gbogbo lọ́yà ló lọ Law School, gbogbo wọn ni wọ́n pè sí Báà, ìyẹn ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹ. Bi lọ́yà tó o bá rí bóyá ó máa ń lọ Industrial Court déédéé, kó o sì bi í ta ló máa ń gbẹjọ́ rò fún, òṣìṣẹ́ àbí kọ́ńpìnnì. Obìnrin tí mo padà bá, kọ́ńpìnnì ló ti ń gbèjà tẹ́lẹ̀, ìyẹn gan-an ló ràn mí lọ́wọ́. Ó tẹ́ lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ sórí tábìlì, ó fọwọ́ sí ibì kan, ó ní, "Wákàtí mélòó ni wọ́n kọ síbí?" Ó ní abala 13 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ò dá wákàtí kan pàtó fún gbogbo èèyàn, iye tí ẹ̀yin àti ọ̀gá bá jọ fẹnu kò sí ni, ohun tó bá lé lórí ẹ̀ ni ofátáìmù. Wákàtí 8 ló wà nínú tèmi. Ó wá bi mí bóyá àwọn sikiọ́ríìtì máa ń kọ orúkọ wa ní géètì. Kọ́ńpìnnì ti ní rẹ́gísítà ọ́fíìsì sọnù, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọn kì í rántí ti géètì, ló bá ní kí kóòtù pàṣẹ fún wọn kí wọ́n mú un wá. Kò pẹ́ tí ìwé yẹn jáde tí wọ́n fi ní ká wá jókòó sọ ọ́, wọ́n sì sanwó mi.

Tó o bá fẹ́ dán lọ́yà wò, bi í ní ọ̀rọ̀ 70,000 náírà minimum wage, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí, tó jáde ní 2024. Tó bá ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù pátá ló kàn, kò kà á dáadáa, torí òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti tó 25 sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì fún ẹ ní orúkọ ọ̀gá kékeré kan níbi iṣẹ́, tètè sọ fún lọ́yà ẹ o, torí Labour Act ò ka àwọn tó ń darí iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà yọ.

Tówó ò bá sí, lọ bá Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó tàbí Legal Aid Council, kó o ní ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lo fẹ́ rí. Kó o sì ya fọ́tò lẹ́tà ẹ àti péésílíìpù ẹ báyìí, kí wọ́n tó mọ̀ pé o fẹ́ pẹjọ́.