Ewé kò tíì sọ pé gbòǹgbò ti dé: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí róòsì

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi lóṣù yìí ló ń béèrè bí a ṣe lè gé ẹ̀ka róòsì kó sì ta gbòǹgbò nílé. Mo mú díẹ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo gé ẹ̀ka róòsì mẹ́rin, mo rì wọ́n sínú ìkòkò, mo sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò pẹ́ tí méjì fi yọ ewé tuntun, inú mi sì dùn gan-an. Nígbà tó yá, ewé náà rọ, igi dúdú láti ìsàlẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀ sì kú. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó máa ń dunni ju kí ó má tilẹ̀ yọ ewé rárá lọ. Àmọ́ ewé tí ẹ rí yẹn kò ti inú gbòǹgbò wá. Kí a tó gé ẹ̀ka, ó ti kó oúnjẹ díẹ̀ pamọ́ sínú igi rẹ̀, oúnjẹ yẹn ló sì ná láti fi yọ ewé. Ojú ara igi, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ, kì í dúró de gbòǹgbò kó tó là. Bí ewé bá sì ti là tán, omi á máa gba ara rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò tí yóò fa òmíràn wọlé kò tíì sí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má tíì yọ̀ nígbà tí ewé bá yọ.

Omi àárọ̀ àti alẹ́ ló ṣe ìyókù. Ibi tí a gé, ọgbẹ́ ni. Igi á kọ́kọ́ wo ọgbẹ́ yẹn sàn: ohun funfun tó rí kókó-kókó á hù yí ibi tí a gé ká, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí ó tó hàn dáadáa. Ibẹ̀ tàbí ìtòsí rẹ̀ ni gbòǹgbò á ti yọ, láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Yẹ̀pẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú igi jẹrà ló sì ń rọ̀ lọ́rùn. Bí ẹ̀ka bá kú lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ mìíràn, ẹ wo ibi tí ikú ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dúdú láti ìsàlẹ̀ wá, ó jẹrà ni. Èyí tó gbẹ láti òkè wá, òǹgbẹ ló pa á. Tiyín jẹrà.

Nítorí náà, òkè ẹ̀ka ni ọ̀rinrin yẹ kí ó pọ̀ sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ohun tí èmi ń ṣe rèé. Mo máa ń lo ife ike tó mọ́ gaara, mo á dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde. Iyanrìn tó rí gbàǹgbà-gbàǹgbà, tí mo ti fọ̀ mọ́, ni mo ń pò mọ́ perlite (òkúta wẹ́wẹ́ funfun tó fúyẹ́, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè), ìdajì sí ìdajì. Kò sí ajílẹ̀ níbẹ̀ rárá, nítorí ẹ̀ka tí kò ní gbòǹgbò kò lè jẹ ẹ́. Mo á bomi sí i títí omi á fi máa jáde nísàlẹ̀, mo á jẹ́ kó ro tán, kí n tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo á gé ìdí ìgò omi oníke kúrò, mo á fi ìgò náà bò ó. Bí ìrì bá wà lára ìgò náà láàárọ̀, mi ò ní fi omi kún un. Ìdérí ìgò yẹn ni mo ń ṣí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ewé tó bá sì já bọ́ sílẹ̀, mo á yọ ọ́ kíá kó tó jẹrà ran igi.

Ibi tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, àmọ́ kí oòrùn má ràn án tààrà. Ooru á há mọ́ inú ìgò, á sì bọ ewé bí ìgbà tí a sè é. Ìwọ̀n 18 sí 24 Celsius ló bá a lára jù.

Ẹ má fa ẹ̀ka náà tu láti wò ó. Gbòǹgbò tuntun róòsì máa ń ṣẹ́ bí ẹ bá kàn án lásán. Ìdí tí mo fi yan ife tó mọ́ gaara nìyẹn: mo máa ń ki í bọnú ife mìíràn tó dúdú, nítorí gbòǹgbò ń sá fún ìmọ́lẹ̀, mo á wá gbé e jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀ka wo gan-an ni kí n gé, mà? Àwọn kan ní kó jẹ́ èyí tó rọ̀, àwọn kan ní kó le.

Ìdáhùn: Àárín méjèèjì ni. Ẹ̀ka tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ̀ dànù ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi àtàǹpàkò ti ẹ̀gún ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀gún náà bá ṣẹ́ kúrò pátì, tó mọ́, ẹ̀ka náà ti gbó tó. Bó bá tẹ̀ tàbí tó bó èèpo dání, ó ṣì kéré. Kó nípọn tó pẹ́ńsù, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó sì ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gé e, nígbà tí omi kún ara rẹ̀, kí ẹ sì ti fi spírítì nu ọ̀bẹ. Abẹ́ ojú kan gẹ́lẹ́ ni kí ẹ gé ìsàlẹ̀ sí, nítorí ìtòsí ojú ni gbòǹgbò ti ń yá yọ jù. Mo máa ń gé òkè ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́, kí ìsàlẹ̀ sì tẹ́jú, kí n má baà dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀ka tí a dojú dé kò ní ta gbòǹgbò bó ṣe yẹ. Ẹ yọ òdòdó àti ìrudi gbogbo. Ẹ fi ewé méjì sílẹ̀ lókè, ewé wẹ́wẹ́ mẹ́ta péré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má yọ gbogbo ewé o, torí ewé ló ń ránṣẹ́ oúnjẹ àti ohun tó ń pe gbòǹgbò jáde sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀bẹ họ èèpo ìsàlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ẹ bá ní oògùn tó ń mú igi ta gbòǹgbò, èyí tí wọ́n kọ IBA sára rẹ̀, ẹ bu díẹ̀ sínú àwo mìíràn, ẹ ti ìsàlẹ̀ ẹ̀ka bọ̀ ọ́, kí ẹ gbọn èyí tó pọ̀ jù kúrò. Bó bá pọ̀ jù, ó máa ń jó igi. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dá ihò kí ẹ tó ki ẹ̀ka wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iyanrìn á nu oògùn náà kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, mà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ti gún róòsì mọ́ ọ̀dùnkún kí wọ́n tó rì í, wọ́n sì fi oyin pa á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, fi ọ̀dùnkún sílẹ̀. Ó lómi nínú lóòótọ́, àmọ́ yóò jẹrà mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ka rẹ kí gbòǹgbò tó yọ, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ hù. Oyin lè dá àwọn kòkòrò àìfojúrí kan dúró, ṣùgbọ́n kì í pe gbòǹgbò. Bí o kò bá rí oògùn, rì í bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ róòsì, pàápàá àwọn kékeré àti àwọn tó ń gun ògiri, máa ń ta gbòǹgbò láìsí ohunkóhun. Gé ẹ̀ka mélòó kan, má gbé ìrètí rẹ lé ẹyọ kan.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi òdòdó tí wọ́n dì fún mi níbi ayẹyẹ ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ lè gbìyànjú, bí igi rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lè pẹ́ nínú yàrá tútù, ó sì ti ná oúnjẹ ara rẹ̀. Èyí tí a gé lára igi tó wà láàyè dára jù ú lọ fíìfíì.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá hù, ṣé mo lè tà wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ ka àkọlé ara igi tí ẹ ti fẹ́ gé e. Àwọn róòsì tuntun kan wà tí ẹni tó mú wọn jáde ṣì ní páténtì lórí wọn, ìyẹn ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin pé òun ló ní wọn, kò sì yẹ kí a gé wọn gbìn láìgba àṣẹ. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1930 ló dá irú páténtì yìí sílẹ̀ níbẹ̀, róòsì sì ló gba àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1931: New Dawn, èyí tó ń gun ògiri. Àkókò tiẹ̀ ti kọjá tipẹ́, ẹnikẹ́ni lè gé e. Níbẹ̀ lónìí, ogún ọdún ni páténtì irúgbìn ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti béèrè fún un.

Ìbéèrè: Mo ti ń rí gbòǹgbò lára ife, mà. Ṣé kí n gbé e síta?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire! Ẹ ṣì ní sùúrù títí gbòǹgbò náà á fi pẹ̀ka. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣí ìgò náà díẹ̀díẹ̀, wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la, títí bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ewé lè mọ́ra pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ìgbà náà ni kí ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tirẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sínú oòrùn ní ìwọ̀nba. Ẹ dúró kí ẹ̀ka tuntun kọ́kọ́ le kí ẹ tó fún un ní ajílẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìrudi àkọ́kọ́, ẹ já a dànù, bó ti wù kó wuni tó, kí agbára rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ róòsì tí a ń rà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn, tí ohun tó bá hù láti ìdí sì lè jẹ́ ti onígbòǹgbò yẹn. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀ka tuntun bá yọ láti abẹ́ ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má gé e, róòsì yín gan-an ni.